Ẹ Tọ Ipa Omi: Bí Ayẹ̀wò Ilé Ṣe Ń Lọ ní Port Harcourt

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Port Harcourt, tí ẹ ti fi ibí ṣe ilé, tí ẹ ń dá àjọ, tí ẹ ń kó owó pamọ́ sí kóńpíráátíìfù kí ẹ̀yin náà lè di onílé, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ ayẹ̀wò ilé ni. Kí ẹ tó sanwó ilé, kí ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà, kó bá yín yẹ ilé ọ̀hún wò láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ẹ lè pè, ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tó bá dé, ohun tí kò ní lè rí, àti ohun tí ẹ máa fi ìwé tó bá kọ fún yín ṣe. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú ọ̀rọ̀ mi, kó jẹ́ èyí: nílùú tí a wà yìí, omi ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́ lórí ilé. Ibi tí omi ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà jáde, ibi tó ń dúró sí, ibẹ̀ ni ayẹ̀wò tó múná dóko máa ń tọ̀.

Ẹ wo bí òjò ṣe ń rọ̀ níbí. Omi òjò tó ń rọ̀ sí Port Harcourt lọ́dún kan ju 2,000 mìlímítà lọ dáadáa, nígbà tí ti Ìbàdàn kì í sábà ju nǹkan bí 1,300 lọ. Nínú oṣù kìíní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ń mú àwọn ará Ìbàdàn, òjò lè dédé ya lulẹ̀ níbí. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Ilẹ̀ náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń wá èbúté tí wọ́n á ti máa kó èédú Enugu lọ sókè òkun, ilẹ̀ tó le, tó sì ga díẹ̀ létí odò ni wọ́n yàn. Ní 1913 ni wọ́n fi orúkọ Lewis Harcourt pe ìlú náà, ìyẹn mínísítà tó ń mójú tó àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì mú sìn láti Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ gbígbẹ yẹn ti kún tipẹ́. Ìlú ti fẹ̀ wọ inú àbàtà. Ẹ wo Borokiri, ẹ wo Abonnema Wharf, ẹ wo Eagle Island àti apá kan lójú ọ̀nà Peter Odili. Níbòmíràn, yanrìn tí wọ́n wà láti ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n fi dí àbàtà kí wọ́n tó kọ́lé. Ní ọ̀pọ̀ etí omi wa, chikoko ni wọ́n gbé ilé lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ chikoko: ẹrẹ̀ dúdú abẹ́ igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kún inú rẹ̀. Tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń rì, kì í sì í rì dọ́gba. Igun kan á lọ sílẹ̀, igun kejì á dúró, ògiri tó wà láàárín á sì ya.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tójú wa ti rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ilé alájà méje tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Woji, ní New GRA, wó lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lórí rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin sígbà náà, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé tí àwọn ọmọdé ti ń kàwé wó ní Ìta Fàájì, l'Ékòó. Ilé tí kò tíì parí ni ti Woji. Ilé tí èèyàn ti ń lò ni ti Ìta Fàájì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé “ilé yìí ti pẹ́ níbí, kò sí ohun tó ṣe é,” kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan.

Àmọ́ ilé tó ń wó kò pọ̀ tó ilé tó ń jẹ olówó rẹ̀ run díẹ̀díẹ̀. Ẹ ra ilé lóṣù kejìlá, gbogbo ẹ̀ ń dán. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, àjà ti ń jò, ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ti ń hu èbu, soakaway ti kún, omi ẹ̀rọ ti ń pupa. Owó tí ẹ̀ bá fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ọwọ́ káfíńtà àti pulọ́ḿbà ló ń bọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ Tòkunbọ̀ nínú wa kì í dá lọ, á mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání, mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ilé tí owó rẹ̀ tó ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá ńkọ́? Ojú lásán la fi ń rà á, nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ tutù, tálísì rẹ̀ sì ń dán.

Ta wá ni ká pè? Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tó dá dúró ni ayẹ̀wò ilé. Ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà ní Houston, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe é gba owó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn surveyor tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ RICS ló sábà ń ṣe é. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, láti èyí tó kàn wo ojú ilé dé èyí tó tú ilé àtijọ́ wò fínnífínní. Ní Nàìjíríà níbí, kò sí ìwé àṣẹ kan tó jẹ́ ti ayẹ̀wò ilé nìkan. Àwọn tó lè ṣe é wà ṣá o, ìlú yìí ò sì ṣàìní wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹnjiníà tó kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé COREN, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1970 láti máa ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà. Òun ló lè sọ bí ilé ṣe lágbára tó. Ẹnì kejì ni àwọn tí à ń pè ní estate surveyor, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NIESV, tí àjọ ESVARBON ń fún ní ìwé àṣẹ. Àwọn ló lè sọ iye tí ilé tó nítòótọ́ àti bó ṣe wà sí. Ẹ má sì fi wọ́n pe ẹni tó ń wọn ilẹ̀, tó ń ri òpó bíkínnì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn: òun ló máa sọ bóyá ilé wà nínú ààlà tí ìwé sọ. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́ pè, kí ẹ sì bá àjọ tó fún un yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ní in kò ní bínú.

Ẹni tí kò yẹ ní pípè náà wà. Éjẹ́ǹtì tó ń ta ilé kọ́ ni kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọjọ́ tí ẹ bá sanwó lòun náà ń gbowó. Bíríkìlà tó kọ́ ilé náà kọ́. Kóńtírátọ̀ tó ń retí pé òun lẹ máa gbéṣẹ́ àtúnṣe fún náà kọ́. Ẹni tó máa jẹ nínú títà tàbí nínú títún un ṣe kò lè la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún yín.

Ìgbà wo ló yẹ ká pè é? Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹnu kò lórí iye, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá lè rí i ṣe, kó jẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀lé òjò ńlá. Kí olùyẹ̀wò tó dé, ẹ ti lọ ṣe iṣẹ́ kékeré kan fúnra yín. Ẹ lọ sí òpópónà náà, ẹ ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja lọ́wọ́ ìyá tó ń sun ún lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ wá bi í pé: “Mama, tí òjò bá rọ̀ gan-an, ibo lomi máa ń dé?” Á nawọ́ sí i fún yín. Ó mọ ọjọ́ tí omi gbé àga òun lọ, ó mọ ilé tí wọ́n ti ń fi garawa gbọ́n omi. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ó ti dọjọ́ ayẹ̀wò. Ẹ má rán ẹlòmíràn, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Ilé kan tó ní yàrá mẹ́ta lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá parí ẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú kò yẹ nǹkan kan wò. Ẹ máa rí i tó gbé àkàsọ̀ wá, tọ́ọ̀ṣì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin inú ògiri, àti èyí tó ń dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Àwọn mìíràn á mú òòlù alásípíríǹgì kan dání, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ kọnkéré láti mọ bí ojú rẹ̀ ṣe le tó.

Ìta ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Á wo bóyá ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé àbí ńṣe ló dagẹ̀rẹ̀ sí i. Á wo gọ́tà ojú ọ̀nà: ṣé ó lọ sí ibì kan, àbí ó parí sẹ́nu géètì? Á wo ara fẹ́ǹsì nísàlẹ̀. Tí ọ̀gbàrá bá ti wọ ọgbà rí, ó máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára ògiri, ìlà pupa tó gùn lọ dọ́gba. Tí wọ́n bá ti kun fẹ́ǹsì tuntun, á lọ wo ẹ̀yìn táńkì àti ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀ níbi tí ẹni tó kun ún kò dé. Ní àwọn àdúgbò tó sún mọ́ odò Ntawogba, tó gba D-Line àti Old GRA kọjá, ibi tí wọ́n fi ilé kíkọ́ àti pàǹtírí dí ọ̀nà odò, omi á wá ọ̀nà mìíràn. Ilé yín kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀nà yẹn.

Lẹ́yìn náà ló máa gun òrùlé. Á wo páànù: ṣé èyí tó nípọn ni àbí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìjì á ká? Á wo ìṣó àti róbà ìdí ìṣó. Tó bá jẹ́ ilé tí wọ́n fi ògiri yí òrùlé ká, àwọn tí à ń pè ní párápẹ́ẹ̀tì, tó ti gbòde báyìí, ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí ẹ̀ dáadáa. Inú ògiri yẹn ni gọ́tà wà, ojú ìta kò rí i. Ewé àti èéfín dúdú tó ti ń bà lé ìlú yìí láti ìparí ọdún 2016, nítorí àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì níkọ̀kọ̀, á di ẹrẹ̀ nínú gọ́tà náà, á dí ihò rẹ̀, omi á sì kún wọ inú àjà.

Ẹ bá a wọ inú àjà náà. Ibẹ̀ ni wọn kì í kùn ní ọ̀dà. Á tan tọ́ọ̀ṣì sára àwọn pákó, á fi ìdí súkúrú-díráfà tẹ̀ wọ́n. Pákó tó le á dún, èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ á gba irin náà wọlé láìjanpata. Nísàlẹ̀, á wo àmì omi lára àjà. Àmì tó ní òrùka kan tó ti gbẹ lè jẹ́ ìjò tí wọ́n ti dí. Àmì tó ní òrùka mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ara wọn ń sọ pé òjò kan lọ, òmíràn tún dé, ẹnikẹ́ni kò sì dí i. Tí ẹ bá rí ibì kan ṣoṣo lára àjà tí ọ̀dà rẹ̀ funfun ju ìyókù lọ, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ilé àtijọ́ ni, bíi ti àwọn ọdún ìjọba amúnisìn àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òrùlé rẹ̀ lè jẹ́ asbestos. Kò léwu tó bẹ́ẹ̀ tí kò bá fọ́, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí débi àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ má rán káfíńtà kó lọ fi òòlù fọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró nídìí ògiri díẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹnu tí ògiri bá là ló burú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó kàn wà lójú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, gbígbẹ ló sábà ń fà á. Èyí tó yẹ ká kọminú sí ni ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí igun ilẹ̀kùn, tó dagẹ̀rẹ̀ lọ sókè, tàbí tó ń tẹ̀lé oríkèé bùlọ́ọ̀kù kan bọ́ sí èkejì. Tó bá ti fẹ̀ ju mìlímítà márùn-ún lọ, tí ìdí pẹ́ńsùlù wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀dà. Olùyẹ̀wò á tan iná sínú rẹ̀. Tí eruku àti ọ̀dà àtijọ́ bá wà nínú rẹ̀, ó ti pẹ́. Tí inú rẹ̀ bá ṣì mọ́, tuntun ni, ilé náà sì lè máa rìn lọ́wọ́. Tí onílé bá gbà, á fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ìlà náà parí sí, á kọ ọjọ́ sí i. Tí ẹ bá padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ìlà ti kọjá àmì, ẹ ti rí ìdáhùn. Á tún ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, á sì pa wọ́n dé. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fá orí rẹ̀ kó lè wọ férémù ń fi hàn pé ohun kan ti yí kúrò nípò rẹ̀.

Nísàlẹ̀ ògiri, á gbé ẹ̀rọ ọ̀rinrin lé e. Tí omi bá ń gun òkè láti inú ilẹ̀, ọ̀dà á máa bó, ìyẹ̀fun funfun á máa yọ, títí dé orúnkún tàbí dé ìbàdí. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rá tó yẹ kí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ilé kò sí níbẹ̀, tàbí pé ó ti ya. Ọ̀dà tuntun á bò ó fún oṣù mélòó kan péré. Ní àwọn ilé tó wà létí omi iyọ̀, á wo ìdí pílà àti abẹ́ dẹ́kìn pẹ̀lú. Iyọ̀ ń wọ kọnkéré, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á wú, á sì ti kọnkéré jábọ́ pẹ̀lẹbẹ-pẹ̀lẹbẹ. Ilé tí ẹ bá ti rí irin rẹ̀ lójúkorojú, ẹnjiníà gan-an ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kì í ṣe bíríkìlà.

Ó wá kan omi tí ẹ máa mu. Ìwádìí tí àwọn fásitì ti ṣe fi hàn pé omi abẹ́ ilẹ̀ níbí máa ń kan ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, irin sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìlànà Nàìjíríà fún omi mímu ní kí irin má ju 0.3 mìlígíráàmù nínú lítà kan, kí pH sì wà láàárín 6.5 àti 8.5. Olùyẹ̀wò á jẹ́ kí omi kànga ẹ̀rọ ṣàn fún ìgbà díẹ̀, á bu ú sínú ike funfun, á gbé e kalẹ̀. Omi tó mọ́ nígbà tó jáde, tó wá ń pupa bó ti ń pẹ́, irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tún bu òmíràn lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Omi kíkan yìí á jẹ páìpù, á jẹ pọ́ǹpù, á sọ ara baluwẹ̀ di pupa.

Ibi tí kànga wà tún ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ máa ń gbani níyànjú pé kí àárín kànga àti soakaway tó ọgbọ̀n mítà. Ẹ wò ó: pulọ́ọ̀tù kan níbí sábà máa ń jẹ́ 50 ẹsẹ̀ sí 100 ẹsẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Tí kànga bá wà níwájú, tí soakaway wà ní ìparí ẹ̀yìn pátápátá, ó ṣòro kó tó pé. Tó bá wá jẹ́ ààbọ̀ pulọ́ọ̀tù ńkọ́? Tí soakaway aládùúgbò bá wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín, níbi tí kànga yín wà gan-an ńkọ́? Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ á wo ọgbà yín, á tún nagà wo ti aládùúgbò. Ẹ ní kí wọ́n ṣí soakaway náà fún yín. Ní ibi tí omi inú ilẹ̀ bá súnmọ́ òkè, omi ilẹ̀ ló ń wọnú rẹ̀ nígbà òjò. Tó bá ti kún dé ẹnu láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n fà á, kò sí ibi tí ẹ̀gbin yín máa gbà lọ.

Ti iná kò ní gba àkókò púpọ̀. Á ṣí bọ́ọ̀dù, á wo bùréékà àti wáyà. Wáyà 1.5 ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ti ẹ̀rọ amúlétutù sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á wo bóyá ẹ́ẹ̀tì wà lóòótọ́ àbí wọ́n kàn ri irin mọ́lẹ̀ lásán. Á wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, kí èéfín rẹ̀ má bàa wọ yàrá tí ọmọ ń sùn. Àjọ NEMSA ni òfin ní kó máa yẹ iṣẹ́ iná wò. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀. Ẹ béèrè mítà iná pẹ̀lú, àti rìsíìtì PHED, iléeṣẹ́ tó ń pín iná níbí, kí ẹ mọ̀ bóyá gbèsè wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ jẹ́ ti lọ́yà. Kí lọ́yà yín lọ wo àkọsílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀, nítorí láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà. Ilé tí ara rẹ̀ le koko lè wà lójú ọ̀nà páìpù epo, tàbí lábẹ́ wáyà iná ńlá, tàbí níbi tí ìjọba ti pinnu láti wó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, nígbà tí wọ́n wó àdúgbò Njemanze létí omi níbí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni kò rílé gbé mọ́.

Kí ni olùyẹ̀wò kò ní lè rí? Kò lè fọ́ ògiri ẹni ẹlẹ́ni. Kò lè rí irin inú pílà, kò sì lè rí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti bò. Ìdí nìyẹn tó fi máa béèrè pùláànù tí ìjọba fọwọ́ sí àti èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí, tí kò sì ní èsì àyẹ̀wò ilẹ̀, ìbéèrè ńlá nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.

Ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí fọ́tò wà nínú rẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀. Kò ní sọ pé ilé yege tàbí pé ó fìdí rẹmi. Àléébù á pọ̀ nínú rẹ̀, ilé tuntun pàápàá á ní tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iye wọn dẹ́rù bà yín. Ẹ má bi í pé ṣé kí ẹ ra ilé náà. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: èwo nínú ìwọ̀nyí ló lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, èwo ló máa burú sí i tí a kò bá tètè mójú tó o, àti pé èló lẹ rò pé ó máa gbà láti tún àwọn méjèèjì yẹn ṣe? Ìdáhùn yẹn lẹ máa gbé padà lọ bá onílé.

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa lójú. A kì í fẹ́ kó dà bíi pé a fojú olè wo àgbàlagbà. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ní: “Chief, ẹ má bínú. Ilé yín wù wá, òun la sì fẹ́ rà. Ohun tí ẹnjiníà rí nìyí, iye tí àtúnṣe máa gbà sì nìyí. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ nínú owó, tàbí kí ẹ bá wa tún un ṣe ká tó san ìyókù.” Onílé tó jẹ́ olóòótọ́ á jókòó bá yín sọ ọ́. Èyí tó bá kọ̀ kí ẹnikẹ́ni yẹ ilé rẹ̀ wò rárá ti dá yín lóhùn láìsí ìwé. Tó bá sì jẹ́ pé ilé ń rì lórí chikoko, tàbí pé ọ̀gbàrá ń wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún tí kò sí ibi tí wọ́n lè darí rẹ̀ sí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, kí ẹ máa lọ. Owó ayẹ̀wò tí ẹ san kò ṣòfò. Òun ló gba gbogbo ìyókù lọ́wọ́ àdánù.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má rò pé tiyín kọ́. Ẹni tó fẹ́ san owó ọdún kan sílẹ̀ fún self-contain ní Mile 3 tàbí ní Rumuigbo lè ṣe ayẹ̀wò tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀: kó lọ lẹ́yìn òjò, kó wo àjà, kó wo ìsàlẹ̀ ògiri, kó ṣí omi, kó da omi sí ilé ìyàgbẹ́, kó béèrè ibi tí omi ń dé lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ojúlé kejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ ilé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya owó ayẹ̀wò sọ́tọ̀ láti oṣù yìí, kó má baà di ohun tí ẹ máa wá sáré wá kiri nígbà tí éjẹ́ǹtì bá ní àwọn mìíràn ń dù ú. Kò sí kánjúkánjú éjẹ́ǹtì tó yẹ kó ju ọjọ́ ayẹ̀wò kan lọ. Ẹ wá ẹnjiníà tàbí surveyor tí ẹ fọkàn tán nísinsìnyí, kí nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lórí fóònù yín kí ẹ tó rí ilé.

Ilé tí a bá fi òógùn ra, kí Ọlọ́run jẹ́ ká gbé e pẹ́, kí ilẹ̀ rẹ̀ má yẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀, kí òrùlé rẹ̀ bò wá títí dọjọ́ alẹ́.